Inú Kíláàsì Ni Ìpàgọ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní Ìgbájọ. Kíláàsì JSS 2 ni mo ń bójú tó, ọmọ 42 ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti fọwọ́ sí i pé kí n kó wọn lọ pàgọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí tẹ́ẹ̀mù kẹta, ní oṣù Keje. Òru méjì la máa sùn níbẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ilẹ̀ tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, kí wọ́n sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé. Inú àwọn ọmọ ń dùn, ṣùgbọ́n èmi ò rí oorun sùn. Púpọ̀ nínú wọn ò sùn kúrò nílé rí. Ìyá kan sọ fún mi pé láyé gbọ́mọgbọ́mọ tí a wà yìí, ọmọ òun ò ní sùn níbi tí òun ò sí. Ọmọkùnrin kan wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ́ sọ fún mi pé ó ṣì ń tọ̀ sílé. Ọmọbìnrin kan sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ₦8,000 tí a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan san kò sí lọ́wọ́ gbogbo òbí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ tí àyà ń já, Ìgbájọ

ÌDÁHÙN

Àǹtí wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Oorun tí ẹ ò rí sùn yẹn ò bà mí lẹ́rù. Olùkọ́ tí àyà rẹ̀ ò já rárá bó ṣe fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sùn níbòmíràn, òun ni mo máa ń bẹ̀rù. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá ẹgbẹ́ Síkáòtù ilé-ìwé ṣiṣẹ́, tí mò ń kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́. Láti 1915 ni ẹgbẹ́ náà ti wà ní Nàìjíríà, kò sì sí ohun kan nínú lẹ́tà yín tí àwọn tó ṣáájú wa ò bá pàdé rí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi ni mo fẹ́ fi kọ́ yín: inú kíláàsì ni ìpàgọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe kí mọ́tò tó gbéra ní Ìgbájọ, kò ní ṣàdédé mọ̀ ọ́n ṣe lóru ní Ìmẹ̀sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré, mo kó àwọn ọmọ lọ sùn ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Ilẹ̀ mọ́, ẹní ọmọ kan tutù. Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn yòókù ti yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin tí wọ́n fi ń dójú ti ọmọ tó bá tọ̀ sílé. Mo bá wọn wí, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yẹn ò fi wá sí ilé-ìwé. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó kọrin. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun ṣáájú. Títí di òní, bí mo bá rí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn, ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Títọ̀ sílé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọràn. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá jọ, bíi márùn-ún nínú wọn ló ṣì ń ṣe é. Ó máa ń rìn nínú ìdílé: bàbá lè ti ṣe é rí kí ọmọ tó máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń dàgbà sí i. Nítorí náà, ẹ pe bàbá tàbí ìyá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjì péré, níbi tí ojú àwọn èèyàn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí etí wọn ò ní gbọ́ yín. Ẹ sọ fún un pé kó mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kó dín in kù bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó sì tọ̀ kó tó sùn. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, olùkọ́ ọkùnrin kan á jí i. Kó má ṣe jí òun nìkan o! Gbogbo ìlà tí ọmọ náà wà ni kó jí, kí ó lè dà bí òfin ibùdó. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹní gbogbo ọmọ, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kó sùn nítòsí ẹnu ọ̀nà, kó ní aṣọ mìíràn nínú àpò rẹ̀, kó sì mọ olùkọ́ tí yóò lọ bá kí ilẹ̀ tó mọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ní ti kíláàsì, ẹ sọ fún gbogbo wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni pé kò sí orin ẹ̀sín níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọjọ́ tó pé.

Ọmọbìnrin yín ńkọ́? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa pinnu bóyá ó lè lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín náà kọ́. Òbí rẹ̀ àti dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ohun tí a ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a yọ orúkọ rẹ̀ kí a tó béèrè. Ní Nàìjíríà, nínú èèyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan máa ń ní irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AS, nítorí náà ọmọ tó bá jẹ́ SS, tó ní àrùn yìí, kò jìnnà sí kíláàsì olùkọ́ kankan. Ohun tó máa ń ru ìrora rẹ̀ sókè kò pamọ́: òtútù, òùngbẹ, iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ibà. Oṣù Keje lẹ sì ń lọ, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí àwọn òkè Ìmẹ̀sí tutù. Kó mú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ dání. Kó má fi omi tútù wẹ̀, kó má bá wọn wọ odò, kó sì ní ike omi tirẹ̀ tí kò ní gbẹ. Oògùn tó ń lò nílé ni kó máa lò níbẹ̀, ní wákàtí tó máa ń lò ó. Bí àwọn yòókù bá ń gun òkè, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kó máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì ní jókòó bí ẹni tí wọ́n ṣàánú. Bí ó bá ní eegun ń ro òun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí àyà ń dùn ún tàbí tí èémí rẹ̀ ò já geere, ẹ má fi òróró pa á lára kí ẹ sì máa wòye. Ilé ìwòsàn ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé mọ́tò kan àti awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀, kí ẹ sì ti lọ wo ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀ ṣáájú, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣí i lóru.

Ìyá tó ní ọmọ òun ò ní lọ yẹn, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó, kí ẹ sì sọ ohun gbogbo fún un: ọ̀nà tí ẹ máa gbà, wákàtí tí ẹ máa gbéra (kó má ju òwúrọ̀ lọ), ilé tí ẹ máa sùn, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ obìnrin tí yóò sùn sí yàrá àwọn ọmọbìnrin, nọ́ńbà fóònù tó lè pè lóru. Ẹ sọ fún un pé olùkọ́ kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò ní dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé kó fọwọ́ sí. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ náà ṣẹ̀sín ní kíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn kan lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ní ibùdó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó lọ, kí páàdì sì wà nínú àpótí yín.

Ní ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. ₦8,000 pọ̀ fún ilé tó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí kó iṣu, gààrí, epo àti ẹ̀wà wá dípò apá kan owó náà. Àgbẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Ẹ bá ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá àwọn ọmọ Ìgbájọ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé nítorí owó nìkan.

Wàyí o, kíláàsì. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ọmọ 42 lórí òkè kì í ṣe ohun tí a kì í kà. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó so wọ́n ní méjì-méjì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mọ ìkejì rẹ̀: ibi tó wà, bí ó ti jẹun sí, bí ara rẹ̀ ti rí. Bí ẹ bá fọn fèrè, kálukú á di ọwọ́ ìkejì rẹ̀ mú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo á sì pariwo. Méjì-méjì mẹ́ta á di ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ méje ni ẹ máa ní. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ kan lónìí, kó gba òmíràn lọ́la: pípọn omi, dídá iná, fífọ àwo, gbígbá ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíláàsì ní oṣù kan ṣáájú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bá ká aṣọ, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa ká a fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèe, kí wọ́n má sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí kò kún jù, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kí gbogbo wọn sùn ní ilé-ìwé yín ní Ìgbájọ, níbi tí ìyá lè sáré dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n se oúnjẹ, kí wọ́n jẹ ẹ́ bó bá tilẹ̀ jóná. Òru yẹn ni ẹ máa mọ ẹni tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ẹni tó ń sunkún ní ìdákẹ́jẹ́, ẹni tí kò ní ẹní. Bí mo bá ní kí ẹ ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo lẹ́tà yìí, èyí ni.

Ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì náà, ẹ má fi pamọ́ di ọjọ́ tí ẹ máa débẹ̀. Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí, Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló ń darí wọn. Wọ́n ní ìró ìbọn ńláńlá tó ń dún láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Ọdún pọ̀ ní àwọn ibùdó yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kò padà sí Ìbàdàn. Ibùdó ogun ló kú sí ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, Ìgbájọ sì wà lára ìlú mẹ́rin tí wọ́n dárúkọ nínú ìwé náà: kí àwọn ìlú náà dúró sábẹ́ Ìbàdàn, kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò máa lọ. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè pé, bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá dúró ni tàbí wàá lọ? Ẹ ní kí wọ́n gbé ìbéèrè náà lọ sílé fún bàbá àgbà. Ẹ fi òkúta ya àwòrán ibùdó méjèèjì sórí ilẹ̀ pápá. Ọmọ Ìgbájọ tó bá ti ṣe èyí, tó wá lọ sùn sí Ìmẹ̀sí láàárín àwọn tí bàbá ńlá wọn wà ní òdìkejì, á mọ ìdí tó fi wá.

Ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni kí ẹ tó lọ rí ìyá ọmọbìnrin tó ní fòníkú-fọ̀ladìde yẹn. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í ní ohun tó máa ń ṣe fún un bí ara bá ń ro ó, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.