ÌSÀMÌ KAN, ÌJỌ KAN: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ “KÁTÓLÍÌKÌ” NÍNÚ ÌJẸ́WỌ́ ÌGBÀGBỌ́ WA

Kíkà: Éfésù 4:1–6, 1 Kọ́ríńtì 1:10–17, Jòhánù 17:20–23.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ní ọjọọjọ́ Ìsinmi ni a ń dìde dúró, tí a sì ń fi ẹnu ara wa jẹ́wọ́ pé a gba Ìjọ kan gbọ́, tí í ṣe mímọ́, tí í sì í ṣe kátólíìkì. Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, tí a sì bi í pé, “Ìwọ ha í ṣe Kátólíìkì bí?” kíá ni yóò dáhùn pé, “Rárá o, èmi kì í ṣe Àgùdà.” Báyìí ni a ń sẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ohun tí a ti jẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò ní oṣù yìí, kì í ṣe nítorí àríyànjiyàn, bí kò ṣe nítorí ọ̀ràn kan tí ó bá wa ní ilé kan ní Pópó Yemọja, tí ó sì kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, tí a bí tí a sì ṣe ìsàmì fún láàrin àwọn Àgùdà, ni ó fẹ́ ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ wá sí ìsìn, ó sì fẹ́ di ara ìjọ wa pátápátá. Nígbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn àgbà obìnrin kan wí pé a kò lè gbà á bí a kò bá kọ́kọ́ tún ìsàmì ṣe fún un. Wọ́n ní omi ibẹ̀ kì í ṣe omi ibí. Nígbà tí ìyá tí ó bí i lọ́mọ gbọ́, ó wá sí ilé àna rẹ̀ pẹ̀lú omijé, ó ní, “Ṣé kèfèrí ni mo tọ́ dàgbà, tí mo sì fi fún yín ṣe aya?” A ránṣẹ́ pè wá láti parí ìjà náà. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìyá arúgbó kan, olùsìn Yemọja, tí í ṣe ìbátan baálé ilé, tí ó sì ti jókòó ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ láìdá sí i, la ẹnu rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Jésù mélòó ni ẹ ní?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ojú tì wá. Àwa tí à ń pè ní olùkọ́ni ni ojú sì tì jù.

1. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ èdè Gíríkì ni “kátólíìkì”. Ohun tí ó jẹ́ odindi, tí ó kan gbogbo ènìyàn ní ibi gbogbo, ni ó túmọ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ni Ignatius, Bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, lò ó fún Ìjọ Kristi nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Símínà, nígbà tí a ń mú un lọ sí Róòmù láti pa á. Ọ̀rọ̀ náà, nígbà náà, dàgbà ju ìpínyà wa lọ. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ nítorí pé ẹlòmíràn ń jẹ́ ẹ, ó dà bí ọmọ tí ó kọ orúkọ baba rẹ̀ nítorí pé àbúrò rẹ̀ náà ń jẹ́ ẹ.

Orúkọ náà, “Àgùdà,” ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti oko ẹrú ní ilẹ̀ Bràsíl ni a fi ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìsìn náà wọ Èkó, kí àlùfáà kan tó máa gbé ibẹ̀. Ọkùnrin kan láàrin wọn, tí à ń pè ní Pa Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ní ọdún 1863 ni Fádà Borghero bẹ̀ wọ́n wò. Ní ọdún 1868 ni àlùfáà wọn wá jókòó tì wọ́n. Àwa náà ńkọ́? Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí a sì gúnlẹ̀ sí Sàró, ni wọ́n mú ìhìn rere padà wá sí ilé. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wò ó, ará: ẹkún ẹrú kan náà ni Olúwa fi bomi rin ọgbà méjèèjì.

2. Ìsàmì kan ni ó wà.

Ọ̀ràn tí ó dé Pópó Yemọja kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Áfríkà yìí kan náà ni a ti jà á rí. Ní nǹkan bí ọdún 256, Cyprian, Bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì, ẹni tí ó kú ikú ajẹ́rìíkú ní ọdún 258, wí pé asán ni ìsàmì tí àwọn tí ó ya kúrò nínú Ìjọ bá ṣe. Stephen, Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kò gbà fún un. Ní ọdún 314, ìgbìmọ̀ tí ó pé jọ ní Arles pinnu pé ẹni tí a bá ti ṣe ìsàmì fún ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, a kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni Augustine ará Hippo fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ti Kristi ni ìsàmì, kì í ṣe ti ẹni tí ó da omi.

Àwa Yorùbá kò nílò ìwé ńlá kí èyí tó yé wa. Nígbà tí a ń kọ ilà fún ọmọ, olóólà ni ó di abẹ mú, ṣùgbọ́n ilà náà kì í ṣe ti olóólà. Ti ìdílé ni. Bí ọmọ náà bá sì kó láti Ọ̀yọ́ wá sí Ìbàdàn, ta ni yóò gbé e kalẹ̀ láti tún un kọ?

3. Bí wọ́n ti yẹ ara wọn wò.

Ní ìgbà àtijọ́, bí ẹnì kan bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ń tún ìsàmì ṣe fún un, wọ́n ní bóyá ti ìṣáájú kò pé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, Póòpù John kẹtàlélógún ṣí ìgbìmọ̀ ńlá ní Vatican, Póòpù Paul kẹfà sì parí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1965. Ní ọdún 1963, ìgbìmọ̀ náà ṣí ọ̀nà fún èdè ìlú kọ̀ọ̀kan nínú ìsìn. Èyí ni ó fà á tí Mísà, tí a ti ń fi èdè Látìnì ṣe, fi di ohun tí à ń gbọ́ ní Yorùbá. Ní ọdún 1964, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tí a ti ṣe ìsàmì fún bí ó ti yẹ, bí wọn kò tilẹ̀ sí lábẹ́ Póòpù, arákùnrin ni wọ́n jẹ́ nínú Olúwa.

Kí a má ṣe gbéraga pé àwa ti ṣíwájú wọn. Lóòótọ́, Crowther ti ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown ní oṣù Kìíní ọdún 1844, Bíbélì wa sì ti pé ní ọdún 1884. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń bẹ̀rù iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, ní ọdún 1947 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti jẹ́ kí àwọn agbẹ́gilére fi ọwọ́ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Ìhìn Rere sára igi. Olúkúlùkù ní ohun tí yóò kọ́ ẹnìkejì.

4. Ohun tí ó ṣì yà wá.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1896, Póòpù Leo kẹtàlá wí pé òfo ni oyè àlùfáà wa. A kò tíì fagi lé ọ̀rọ̀ náà. Àwa kò gba àṣẹ Póòpù lórí gbogbo Ìjọ, tábìlì Olúwa kò sì tíì di ọ̀kan láàrin wa. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 1966, nígbà tí Ramsey, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, bẹ Póòpù Paul wò, Póòpù bọ́ òrùka ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Láti ọdún 1970 ni ìgbìmọ̀ ìhà méjèèjì sì ti ń jókòó pọ̀.

Kí a tó dá wọn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí ilé wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1965 ni ó yẹ kí àwa, àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn Presbyterian di Ìjọ kan ní Nàìjíríà; a ti dá ọjọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

5. Ojúṣe wa.

Ní ti ọmọbìnrin wa, a béèrè ìwé ẹ̀rí ìsàmì rẹ̀, a rí i, ó sì tó. A kò tún un ṣe. Nígbà tí a ka Éfésù orí kẹrin sí wọn létí, ìyá ọkọ dìde, ó bu omi fún àna rẹ̀ mu, ó sì bẹ̀ ẹ́. Kí olúkúlùkù kọ́ èyí:

Èkíní, kí a má ṣe fi ìsàmì ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà. Èkejì, kí a má ṣe yọ́ lọ sí ibi tábìlì wọn bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀. Sùúrù pẹ̀lú òtítọ́ ni kí a máa lépa. Ẹ̀kẹta, ohun tí a lè jọ ṣe, kí a jọ ṣe é: kí a jọ gba Àdúrà Olúwa nínú ilé, kí a jọ bẹ aláìsàn wò, kí a sì jọ pa ọ̀sẹ̀ àdúrà fún ìṣọ̀kan mọ́, láti ọjọ́ 18 sí 25 oṣù Kìíní. Ẹ̀kẹrin, kí a rántí pé ojú ń wò wá. Ní Pópó Yemọja, ilé òrìṣà wà níbẹ̀, a sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kì í ka ìwé wa, ìwà wa ni wọ́n ń kà. Ìyá arúgbó nì ń dúró de èsì. Ìgbé ayé wa nìkan ni ó lè fi yé e pé Jésù kan ṣoṣo ni a ní.

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Kí ni à ń jẹ́wọ́ nígbà tí a bá pe Ìjọ ní kátólíìkì?
2. Èé ṣe tí a kì í fi í ṣe ìsàmì lẹ́ẹ̀mejì?
3. Èwo nínú ìwà wa ni ó ń mú kí aládùúgbò rò pé Jésù méjì ni a ní?

Kí Olórí Ìjọ, ẹni tí ó gbàdúrà pé kí a lè jẹ́ ọ̀kan, mú wa di ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀. Àmín.