Ẹyin Lọ̀rọ̀: Opó, Ọlọ́pàá àti Ìwé Tí A Ń Tẹ̀ka Sí

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà yìí kan náà ló tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá pa ọkọ tàbí aya ẹni mọ́lé, òwe méjèèjì ló máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ nǹkan kan fún ọlọ́pàá o." Ìyá ọkọ á ní, "Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí lo ń bẹ̀rù? Sọ tẹnu rẹ." Ní tèmi, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, wákàtí tí ọ̀rọ̀ kálukú bá mu ló yàtọ̀. Igbe tí a fi ń pe ará àdúgbò wá kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ó tẹ̀ka sí ní tẹ́ṣàn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí aburú ṣẹlẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ pariwo, ẹ pe aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́ lọ́gán, kí ẹ sì sọ ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè lé apànìyàn bá: ìgbà tí ẹ gbúròó, iye ẹni tí ẹ rí, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Ẹ rántí Olóyè Bọ́lá Ìgè, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983. Òun ni mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n wọlé pa á ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, 2001. Ìyàwó rẹ̀, Àtinúkẹ́ Ìgè, jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n kó àwọn afurasí dé ilé ẹjọ́, wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ìyá náà kú ní 2003, títí di òní a kò rí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ikú yẹn. Bó bá lè rí báyìí nílé tí ọkọ jẹ́ agbẹjọ́rò, tí aya jẹ́ adájọ́, kí ni ká wá sọ nípa ilé aláta kan ní Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, tàbí ilé àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ẹni tó wà nínú ilé kò bá tètè sọ ohun tó rí, ọ̀nà tí apànìyàn gbà lọ á ti hu koríko.

Àmọ́ nígbà tí IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, bá fa bébà yọ, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn, torí ẹ lè ti ipò ẹlẹ́rìí di afurasí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ọ̀gá, màá sọ ohun tí mo mọ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí lọ́yà mi wà níbẹ̀." Kì í ṣe àfojúdi. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá fúnra rẹ̀ yàn. Orí fọ́ọ̀mù sítétímẹ́ǹtì gan-an ni wọ́n tẹ ìkìlọ̀ sí, pé kò di dandan kí o sọ ohunkóhun, àti pé ohun tí o bá sọ lè di ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ opó ló ń tẹ̀ka sábẹ́ ìkìlọ̀ yìí láìsí ẹni tó kà á sí i létí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyí. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń sunkún òkú. Obìnrin á káwọ́ lérí, á ní, "Èmi ni mo fà á o! Bí mo bá ti dá a dúró kó má jáde ni!" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹkún ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, tí kò kọ ìyókù, ìjẹ́wọ́ ni yóò jọ lójú adájọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ Yorùbá, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ti ẹnu yín jáde, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tí ẹ fọkàn tán, tó mọ̀wé, ka gbogbo rẹ̀ sí yín létí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́, kí wọ́n tún un kọ kí ẹ tó tẹ̀ka. Bí ojú yín kò bá tíì wálẹ̀, tí ẹ kò sùn, tí ẹ kò jẹun, ẹ sọ fún wọn pé ó di ọ̀la.

Àwọn kan á ní, ṣebí wákàtí mẹ́rìnlélógún ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ tó bá wà nítòsí, ṣebí ilé ẹjọ́ gíga wà l'Ọ̀yọ́, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má gbójú lé ìyẹn. Ikú ni ìdájọ́ ìpànìyàn, abala 35 kan náà sì yọ ẹ̀sùn tó bá la ikú lọ kúrò nínú gbèdéke yẹn. Wọ́n lè gbé afurasí lọ sí ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ìyágankú, Ìbàdàn, wọ́n sì lè gba àṣẹ màjísíréètì láti fi í sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ gbọọrọ. Nígbà tí àwọn oníbọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò l'Ọ̀yọ́ ní oṣù Kẹwàá, 2021, ẹni tó jáde lé ní 800, ẹni tó ṣì ń retí ìdájọ́ ni wọ́n. Ẹ ronú sí i: ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí lọ́yà dé ní ọjọ́ kìíní, kó má jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti gbé wa dé Abólóńgò la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ nà yín kí ẹ lè jẹ́wọ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí ilé ẹjọ́ má ṣe tẹ́wọ́ gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà. Àmọ́ bí ilé ẹjọ́ bá gbà pé tinútinú lẹ fi sọ ọ́, ìjẹ́wọ́ nìkan tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, bí onítọ̀hún tilẹ̀ sẹ́ ẹ lẹ́yìn náà.

Ti ẹbí tún wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti fẹ́ fọ yàrá, wọ́n á ti fẹ́ sin òkú, pàápàá láàárín àwa Mùsùlùmí tí a kì í fi òkú falẹ̀. Opó tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni kó kọ́kọ́ sọ pé ó tì. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n já, ọgbẹ́ tí dókítà yóò wò, àwọn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ tí kò lè parọ́. Bí wọ́n bá fọ wọ́n dànù tán, ẹnu àna rẹ̀ ló kù, àna tó sì ń ṣọ̀fọ̀ lè sọ ohunkóhun.

Bó bá jẹ́ ọkọ yín tàbí aya yín ni wọ́n fura sí pé ó pa ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí, yálà ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ti Mùsùlùmí tàbí ti ìbílẹ̀, wọn kò lè fipá mú yín jẹ́rìí lòdì sí ẹnìkejì yín nílé ẹjọ́ lórí irú ẹ̀sùn yìí. Àmọ́ ẹ má parọ́ fún ọlọ́pàá nítorí rẹ̀, nítorí irọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà kó má bara jẹ́. Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní ẹ̀ka l'Ọ̀yọ́, ó ní ní Ògbómọ̀ṣọ́, àjọ Legal Aid Council sì ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn fún aláìní. Kí ará ilé kan ṣe aáyan yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹlòmíràn máa gbé oúnjẹ lọ sí tẹ́ṣàn. Bí opó náà bá sì ti tẹ̀ka sí ohun tí kò sọ, kó má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Kó sọ fún lọ́yà ní kíákíá, kó sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ àti bóyá wọ́n lù ú, nítorí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ìwé yẹn sílẹ̀ níwájú adájọ́ gan-an ni lọ́yà ní láti dìde takò ó.