Àṣá ya adìẹ mi lẹ́yìn

Ìbéèrè: Àṣá fẹ́ gbé àgbébọ̀ adìẹ mi lánàá. Ó bọ́, ṣùgbọ́n èékánná ti ya á lẹ́yìn, àwọn adìẹ yòókù sì ń ṣá ojú egbò náà. Ṣé kí n da kẹrosíìnì sí i?
— Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ewu o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ńṣe ló máa bó o lára. Àwọn yòókù kò bá a jà: pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń fà wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ sínú àgò tí ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí, kí omi àti oúnjẹ wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ se ìdajì lítà omi, ẹ po ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan sí i. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rọra dà á sójú egbò títí ìdọ̀tí yóò fi lọ. Ẹ gé ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo àgò náà, torí bí eṣinṣin bá yé sí egbò lónìí, ìdin lè yọ lọ́la.

Bí egbò bá jìn, tó ń rùn, tàbí tí adìẹ kò jẹun, ẹ tètè pe dókítà ẹran. Bó bá fún un lóògùn, ẹ bi í ìgbà tí ẹ tún lè jẹ ẹyin rẹ̀.

Tí egbò bá ti jinná, ẹ dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti wọlé sùn.