Níbo Ni Ìwé Ẹgbẹ́ Wà?

Ní táàmù tó kọjá, pirinsípà pe àwa olóyè Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn láàbù fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì ń bèèrè rẹ̀. Wọ́n wá bi wá pé, "Kí lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá? Èló lẹ ná, èló ló wọlé?" A ń wo ojú ara wa. Mo mọ̀ pé a sin adìẹ. Mo mọ̀ pé a gbin tẹ̀tẹ̀, torí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi da ìgbẹ́ adìẹ sídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó? Ìgbà wo? Ìwé kan ṣoṣo tá a ní, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ akọ̀wé ti gbé e lọ sílé nígbà tí wọ́n ṣe WAEC tán. Fọ́tò ńkọ́? Fóònù tí gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ti já sómi. Pirinsípà fún wa títí di ìparí táàmù yìí.

Kí n tó di ẹ̀bi ru ẹlòmíì, èmi ni akọ̀wé báyìí, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mi ò sì kọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi adìẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ kan ra ọmọ adìẹ 50. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa kọ ọ́ ni pé: "A sin adìẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìjẹ́rìí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kì í ṣe àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ máa sọ ọjọ́ tá a rà wọ́n àti iye owó, báàgì oúnjẹ tí wọ́n jẹ, ọjọ́ tí wọ́n gba àjẹsára Newcastle àti Gumboro, iye tó kú, iye tá a tà. Bó bá jẹ́ 7 ló kú, ẹ kọ 7, ẹ má kọ "díẹ̀". Kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó pa wọ́n. Bóyá wọ́n mú iná lọ lóru, kò sì sẹ́ni tó gbé ìkòkò èédú sún mọ́ wọn, torí ọmọ adìẹ ò tíì lè mú ara ẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ibi ikú yìí gan-an ló wúlò jù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun la sì máa ń fi pa mọ́ torí ìtìjú. Ẹgbẹ́ tó bá kọ èrè nìkan, àwọn àbúrò wọn á tún pa 7 míì.

Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà o, títí kan ẹni tó ń pọn omi. Ààrẹ nìkan kọ́ ló sin adìẹ.

Ìwé kan ò sì tó. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn àwọn Yorùbá tán ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901, kò fojú kan ìwé náà. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀, ó wá jáde ní 1921. Ká ní kò sí nǹkan kan nílé ńkọ́? Torí náà, a ti ra ìwé méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ tíṣà wa, èkejì wà ní láíbìrì. Gbogbo wa là ń lọ sílé lọ́sàn-án, ìwé ò gbọdọ̀ bá wa lọ.

Mo ti dé ilé ẹ̀gbọ́n yẹn. Ìyá wọn ń ta ẹ̀pà, wọ́n sì ti fi ojú ewé mélòó kan di ẹ̀pà. Àmọ́ oṣù April sí June ṣì wà níbẹ̀. A tún rí rìsíìtì oúnjẹ adìẹ mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà wa. Ohun tó kù ni iye tá a tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ra adìẹ lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, ẹ wá bá mi ní SS2B lásìkò bréèkì, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rà. Ẹ̀yin tíṣà wa náà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹni tó ṣì jẹ wá lówó pàápàá lè wá.