Wọ́n búra pé ìyá bàbá mi kò bímọ

Ìbéèrè: Níbi tí mo ti ń tọpa ìran wa ni mo ti rí ìwé ìbúra tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sọ ní kóòtù pé ìyàwó kejì bàbá wọn kò bímọ. Ìyá bàbá mi nìyẹn! Ṣé ìpín wa nínú ogún ti wọmi?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbúra èké kò sọ ọmọ di àlejò. Lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ ni a fi ń pín ogún. Ẹ ò rí i pé ìyá kan ṣoṣo tí wọ́n pa rẹ́, odindi ìdí kan ló gbé lọ! Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìbúra náà tí kóòtù lu òǹtẹ̀, kí ẹ tètè rí lọ́yà.