Ẹni Tó Ń Hanrun Kò Gbọ́ Ara Rẹ̀: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe àti Èyí Tí Kò Yẹ

Láti Adégbàyí títí dé Èrùnmu ní agbègbè Ìbàdàn, bí bàbá bá sùn tó ń hanrun tí gbogbo ilé ń gbọ́, ohun tí a máa ń sọ ni pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, oorun àsùnwọra ló ń sùn. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn máa ń pa dé bí wọ́n bá ti sùn lọ. Èémí á dá, títí ara á fi ta wọ́n jí. Tó bá le, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, ẹni náà kò sì ní rántí ọ̀kan ṣoṣo nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń bá a rìn. Ẹni tó sùn kò lè mọ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ jọ wà nínú yàrá ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ fetí sí ìgbà tí ariwo bá dákẹ́. Híhanrun nìkan lè máà ní ewu nínú. Ìgbà tó bá dá dúró lójijì ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ tan iná, kí ẹ wo àyà àti ikùn rẹ̀: wọ́n á máa lọ sókè sódò, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan kò gba imú tàbí ẹnu kọjá. Ẹ kà á. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú odò, tó yí ara padà, tó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, pàápàá ní ìdájí, kí ẹ mú un lọ fún dókítà.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a bá fi ṣe ẹlẹ́yà lójú àlejò á máa fi í pa mọ́. Àwọn obìnrin ni ìtìjú yìí ń dà láàmú jù, bẹ́ẹ̀ àrùn náà ń ṣe wọ́n, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, àti nínú oyún pẹ̀lú.

Ẹ má ní ayé ló ń fún un lọ́rùn, kí ẹ wá fi mọ síbẹ̀. Ẹni tó ta jí lóru, tó di ọrùn mú, tó ní wọ́n fẹ́ pa òun, ohun tó ṣe é gan-an ló ń sọ. Ẹ bá a gbàdúrà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ wọn ọrùn. Télọ̀ yín ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọrùn tó ju ínǹsì 17 lọ fún ọkùnrin, tàbí 16 fún obìnrin, jẹ́ àmì kan. Bí ẹni náà bá tún ń tòògbé lọ́sàn-án, tí orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, tó ń dìde tọ̀ léraléra lóru, ẹ má fòní dónìí fọ̀la dọ́la mọ́. Bí ẹni tó sanra bá dín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, èémí rẹ̀ lè já gaara sí i. Àrùn yìí ń ṣe ẹni tó tín-ín-rín náà o.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹni tó ń lo oògùn mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ kò tún wálẹ̀, kó bi dókítà bóyá oorun òun ló ń fà á.

Ẹ má mu ọtí sùn. Ògógóró àti páragà máa ń mú ẹran ọ̀fun dẹ̀.

Ẹ má ra oògùn oorun ní kẹ́mísì. Èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó ń jí pẹ̀lú àárẹ̀ lójoojúmọ́ á rò pé oorun òun ni kò tó, á wá lọ ra Valium tàbí Lexotan. Oògùn náà á mú ọ̀fun dẹ̀ sí i, kò sì ní jẹ́ kí ara tètè ta á jí nígbà tí èémí bá dá. Tramadol àti kodíìnì tún burú jù, nítorí wọ́n ń dín èémí fúnra rẹ̀ kù.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Bí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn dí ọ̀nà. Ẹ ki bọ́ọ̀lù kékeré sínú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ rán an mọ́ ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ fi ń sùn. Á máa gún yín padà. Dípò kí ẹ to ìrọ̀rí jọ, ẹ fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá orí.

Ẹ má wakọ̀ bí oorun bá ń kùn yín. Ẹ̀yin dírẹ́bà tí ẹ ń ná ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, obì kò lè wo àrùn yìí. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí ẹ sùn díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí sleep apnea bá ń mú tòògbé lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ wakọ̀ títí ìtọ́jú yóò fi gbà á.

Ẹ má gbé ọmọ lọ fún ẹni tó ń gé bélúbélú. Ọmọ tó ń hanrun lálaalẹ́, tó ń la ẹnu mí, tó ń na ọrùn sẹ́yìn kó tó lè sùn, tó ń làágùn, tó tún padà ń tọ̀ sílé, tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ ọ́ lórí mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó sábà ń fà á ni ẹran méjì tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun àti èyí tó wà lẹ́yìn imú. Eléyìí tó so rọ̀ láàárín ọ̀fun ni àwọn tó ń fi abẹ gé nǹkan lábúlé máa ń gé, kì í sì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró, tẹ́tánọ́ọ̀sì sì lè wọlé. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà tó wà nítòsí, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ọsibítù UCH, Oríta Mẹ́fà, Ìbàdàn. Bí wọ́n bá yọ ẹran náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ́. Ọmọ tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS ni kí ẹ tètè gbé lọ jù.

Ẹ gbà láti lo ẹ̀rọ bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó. Lẹ́yìn àyẹ̀wò oorun, tí wọ́n á so wáyà mọ́ orí, àyà àti ìka yín tí ẹ ó sì sùn, wọ́n lè ní CPAP ló kàn. Ọdún 1981 ni dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú, kí ọ̀fun má baà pa dé. Alẹ́ tí ẹ bá lò ó nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò le púpọ̀, dókítà eyín lè ṣe ohun tí yóò máa fi sẹ́nu sùn, tó ń fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú.

Ẹ má gba CPAP tòkunbọ̀ láìbéèrè. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti London tàbí Houston, ẹ ní kó yẹ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP rẹ̀ padà, torí pé fóòmù inú wọn lè rún kí aláìsàn máa fà á símú. Dókítà ló sì gbọ́dọ̀ sọ bí atẹ́gùn yóò ṣe le tó fún yín. Bí iná bá lọ, bátìrì tàbí inverter ló dáa. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa ni lójú oorun.

Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín. Ìbáà ṣe ìpá ni wọ́n fẹ́ gé, ẹ sọ fún dókítà tó fẹ́ kùn yín lóorun pé ẹ máa ń hanrun, pé wọ́n ti rí i tí èémí yín dá. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ, ẹ gbé e dání lọ sí ọsibítù.