Ohun Èlò Àtijọ́ àti ti Òde Òní: Kí Ni Ìyàtọ̀ Wọn?

Kí la fi ń mọ̀ pé ìgbà ohun èlò kan ti kọjá? Kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti pẹ́ láyé, síbẹ̀ télọ̀ wo ní Adìgbẹ ló lè ṣiṣẹ́ láìsí i? Nígbà tí a kò bá rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà mọ́, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń tán lọ, ìgbà rẹ̀ ti ń kọjá nìyẹn.

Ẹ wo kásẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963. Òòfà ló ń gbé ohùn sára téèpù rẹ̀. Bí a bá ṣe ń dà á kọ láti inú ọ̀kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ariwo ṣííṣíí ń pọ̀ nínú rẹ̀. Fóònù ń sọ ohùn di nọ́ńbà ní tirẹ̀. Ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́. (Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀; mẹ́mórì fóònù lè kú lójijì.)

Wáàsí àwọn àáfà tí Ọlọ́hun ti pè ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì nílé ọ̀pọ̀ bàbá wa. Ẹ wá rédíò tó ṣì ń lu kásẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí téèpù tó jẹrà. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí.